Kantamanto: Ta Ni Yóò Tún Ọjà Tó Jóná Kọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, iná sọ ní Kantamanto, ọjà òkìríkà ńlá ìlú Accra, níbi tí wọ́n ti ń pe ọjà náà ní obroni wawu, ìyẹn aṣọ òyìnbó tó ti kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ ló jóná. Ìrànlọ́wọ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kò káwọ́ lẹ́rán dè é: wọ́n palẹ̀ eérú mọ́, wọ́n kan pákó, wọ́n sì padà sẹ́nu òwò.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àmọ́ ará ìlú ló ń bá ọba kọ́ ilé. Tálákà ló ń kọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwà akin nìyẹn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di àwáwí fún ìjọba. Iná ti jó ọjà yìí rí ní ọdún 2013. Ọlọ́jà lè kan ìsọ̀. Kò lè dá la ọ̀nà fún ọkọ̀ panápaná.

Àwa tí iná jó ọjà Balógun lójú wa ní Èkó lọ́dún 2019 kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tirẹ̀, tí kò béèrè ojúṣe ìjọba, ìdajì ojúṣe ọmọ ìlú ló ṣe.