Ẹ̀fẹ̀ Ni Ẹ̀gbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Ewì Òru Tí Ó Ń Tún Ìlú Ṣe ní Kétu

Àwọn àgbà ní ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Igi tí a gbẹ́ tí a kùn ní ọ̀dà, ọ̀já àti gèlè tí a yá lọ́wọ́ àwọn ìyá láti fi di ara, ìkù tí ń dún lẹ́sẹ̀ bí ìlù ti ń pè é, ìran ńlá ni. Ṣùgbọ́n ojú ni òwe náà bá wí. Ní Kétu, àti ní ìlú gbogbo tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu dé, etí ni a kọ́kọ́ ń pè kí a tó pe ojú. Òru Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣáájú ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé igi lérí jó lọ́sàn-án, akéwì ti sọ̀rọ̀ mọ́jú.

Ibi tí ó ti ṣẹ̀

Ìtàn tí àwọn baba ń pa lórí ìbẹ̀rẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Odù Ifá Ọ̀sá Méjì sọ bí Ọ̀rúnmìlà ṣe gbé ère lérí, tí ó wé gèlè, tí ó sì so ìkù mọ́ ẹsẹ̀, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá lọ, kí ó sì bọ̀ láyọ̀. Ìtàn mìíràn ní Yemọja ni ó ń wá ọmọ. Ifá ní kí ó gbé ère lérí, kí ó wọ ìkù, kí ó jó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì bímọ. Àkọ́bí jẹ́ ọkùnrin tí ó fẹ́ràn orin àti àwàdà, wọ́n pè é ní Ẹ̀fẹ̀. Èkejì jẹ́ obìnrin tí ó sanra tí ó sì mọ ijó jó, òun ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tí ó bá fetí sí ìtàn yìí yóò rí i pé Ẹ̀fẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n.

Àwọn kan ní Ìlóbìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn ń tọ́ka sí. Henry Drewal àti Margaret Thompson Drewal, tí ìwé wọn lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde ní 1983, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Láwál, tí tirẹ̀ jáde ní 1996, ti kọ ìtàn wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Láti Kétu, àṣà náà tàn dé Ìmẹ̀kọ, Ìtakété, Pọ́bẹ̀, ilẹ̀ Yewa àti Àwórì, ó sì dé Tógò. Àwọn tí a kó lẹ́rú gbé e dé Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà kan rí.

Bí òru náà ṣe ń lọ

Ọjà tàbí gbàgede ìlú ni a ti ń ṣe Ẹ̀fẹ̀. Ìyálàṣẹ̀ ni olórí awo, obìnrin sì ni. Ọkùnrin ni ó ń wọ aṣọ, ọkùnrin ni ó ń lu ìlù, ṣùgbọ́n láìsí àṣẹ ìyá, kò sí ẹni tí yóò la ẹnu. Nítorí àwọn ìyá wa ni a fi ń ṣe ọdún náà: kí inú wọn dùn, kí òjò rọ̀, kí aboyún bí, kí àjàkálẹ̀ àrùn ré kọjá.

Ní Kétu, àwọn aṣíwájú ni ó ń kọ́kọ́ jáde, orúkọ wọn sì ń sọ iṣẹ́ wọn. Àràbí Ajígbálẹ̀ gbá ilẹ̀ mọ́. Agbéná gbé iná kọjá. Apaná ní kí a pa gbogbo àtùpà, kí ilẹ̀ ṣú. Lẹ́yìn náà ni Tètèdé dé, tí ó ń pe ẹni tí gbogbo ènìyàn ti ń retí. Ìgbà yìí ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tó yọ ní ẹnu ọ̀nà.

Kì í kù gìrì sọ̀rọ̀. Ìbà ni ó kọ́kọ́ ń jú: ó júbà Olódùmarè, ó júbà òrìṣà, ó júbà àwọn ìyá, ó júbà ọba àti ìjòyè, ó júbà ẹni tí ó kọ́ ọ lórin. Ẹni tí kò bá júbà, ewì rẹ̀ kò ní dé ibi kankan. Bí ìbà bá tán, á sọ irú ẹni tí òun jẹ́, á ṣe ìwúre fún ìlú. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó kan ọ̀rọ̀ tí ó ti ń kó jọ láti ọdún tí ó kọjá: ìyàwó tí ń fi oúnjẹ du ọmọ orogún, ọkọ tí ń ná owó ilé síta, olóyè tí ó ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, olè tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè pè lórúkọ. Ó tún máa ń dárúkọ àwọn àgbà tí wọ́n ti lọ, kí orúkọ wọn má baà bá wọn lọ.

Orin tuntun ni. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ á dá a, agberin á gbà á, wọn á tún un kọ títí yóò fi wọ gbogbo àwùjọ lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, orin tí ẹnì kan gbé wá ti di orin ìlú. Àwọn ọmọdé á máa kọ ọ́ lọ sí odò, àwọn ìyá á máa kọ ọ́ lọ sí oko. Bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́ kan ṣe ń lò lọ́dún yípo láìsí pé ẹnikẹ́ni dé ilé ẹjọ́.

Akéwì kì í sábà dárúkọ ẹni tí ó ń bá wí. Òwe ni, àfiwé ni, ìnagijẹ ni. Bí ẹnì kan bá bínú dìde níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ti ka ara rẹ̀ kún un. Bí ó sì bá tilẹ̀ dárúkọ, a kì í mú un, a kì í nà án, a kì í bá a ṣe ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ọba pàápàá ń jókòó gbọ́ tirẹ̀.

Ìwé ìtàn tí a kò kọ sórí tákàdá

Ní 1886, ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí oko ẹrú. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn ìgbèkùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti tún ìlú tẹ̀ dó. Ìlú jóná, ṣùgbọ́n orin kò jóná, nítorí inú ènìyàn ni ó wà.

Kí wọ́n tó padà, ààlà ti là wọ́n láàárín. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá ara wọn ṣe ní 1889 fi Kétu sí ọwọ́ Faransé, ó sì fi Ìmẹ̀kọ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí, àti ìfipá-múni-wọṣẹ́-ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá ààlà náà. Ìwé ìjọba lè sọ iye owó orí tí a gbà. Ohùn ẹni tí ó san án kò sí nínú rẹ̀. Inú orin ni ohùn yẹn ń gbé. Ìdí nìyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé tí Wándé Abímbọ́lá ṣe olótùú rẹ̀ ní 1975, tí ó fi hàn pé ewì ẹ̀fẹ̀ jẹ́ orísun ìtàn fún ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Babalọlá Yáì, ọmọ Sábẹ, tí ó ṣojú Bẹ̀nẹ̀ ní UNESCO, tí ó sì dolóògbé ní 2020, náà kọ̀wé gidigidi pé a kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n ìwé kíkà wọn ewì alohùn. Ibi tí a ti ń kéwì, láàárín ẹni tí ń dá a àti ẹni tí ń gbà á, ni ewì náà wà láàyè.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ 19 àkọ́kọ́ nínú ohun àjogúnbá alohùn tí ó kéde fún aráyé. Ní 2008, ó wọ ìwé àkójọ àjogúnbá gbogbo ayé ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Kí a fiyè sí orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀: àjogúnbá alohùn Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ohùn ni wọ́n kà sí. Ìkìlọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀: ìmọ̀ iṣẹ́ náà ń dínkù, ìrìn-àjò afẹ́ sì ń fẹ́ yí i padà.

Ohun tí ìkìlọ̀ náà sọ kò jìnnà. Bí àlejò ńlá bá ń bọ̀, ọ̀sán ni a ń pe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a sì ń fún un: igi jáde, ìlù dún, fọ́tò yọ, ó tán. Òru kò sí nínú ètò. Igi a máa wọ ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, a máa wọ ọjà; ẹnu Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ kò ṣeé gbé kọ́ ara ògiri. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń fi Faransé kàwé ń gbọ́ ìlù ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n òwe inú rẹ̀ ń fò wọ́n dá. Bí ẹ̀rín bá sọ láwùjọ, wọ́n á bi ara wọn pé kí ni ó sọ.

Nítorí náà, kí òru padà sínú ètò ọdún ní gbogbo ìlú tí ó ti sọnù. Kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ Ìyálàṣẹ̀ àti ti ẹni tí ó ni orin, kí a sì kọ ọjọ́ àti ìtumọ̀ mọ́ ọn. Kí àwọn ọ̀dọ́ wọ ẹgbẹ́ agberin, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Kí ilé ẹ̀kọ́ fi àyè sílẹ̀ fún èdè tí a fi ń kéwì.

Ti àwọn aláṣẹ yàtọ̀ díẹ̀. Iná mànàmáná, àga àti owó ọdún dára, a dúpẹ́ bí wọ́n bá fún wa. Ṣùgbọ́n ohun tí Ẹ̀fẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ aláṣẹ jù ni sùúrù etí. Aláṣẹ tí ó bá fẹ́ kí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ máa yin òun nìkan ti sọ ọ́ di alágbe. Mẹ́ẹ̀rì tí ó bá jókòó títí ìdájí, tí ó gbọ́ tirẹ̀ tí ó sì rẹ́rìn-ín, tí ó wá lọ tún ojú ọ̀nà tí wọ́n fi kọrin ṣe, ti ṣe ohun tí àwọn ọba àtijọ́ ń ṣe.

Kí àwọn ìyá gba ọdún yìí. Kí ohùn má ṣe há. Kí a ṣe èyí, kí a sì tún ṣe ẹ̀ẹ̀míì. Àṣẹ.