Ọwọ́ Tó Ń Fà Sẹ́yìn

Ní 2012, Mark McCormack, onímọ̀ nípa àwùjọ, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra, wọ́n sì ń bá ẹlẹgbẹ́ wọn tó fẹ́ràn ọkùnrin ṣọ̀rẹ́ láìfi bò. Ó ní ìkórìíra irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí pápá ìṣeré ibẹ̀ ti rorò rí. Justin Fashanu, agbábọ́ọ̀lù tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, jẹ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn ní 1990 pé ọkùnrin ni òun fẹ́ràn. John àbúrò rẹ̀ kọ̀ ọ́ ní gbangba. Ní 1998 ó pa ara rẹ̀. Fáṣàánú lorúkọ ilé wọn. Ifá ṣàánú, èèyàn ò ṣàánú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé òṣùwọ̀n McCormack dé Oríòkè-Ìwàmímọ́ létí òkun Ìlàjẹ yóò ṣìnà. Ọmọkùnrin méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú lórí afárá pákó, ọ̀rẹ́ lásán ni wọ́n lójú gbogbo ayé. Eric Anderson, tí McCormack ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ti ṣàlàyé rẹ̀: níbi tí wọn ò bá gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tí ń bẹ̀rù ìfura. Ìdìmọ́ra wọn kò wá láti inú ìfaramọ́; àìgbàgbọ́ ló bí i.

Ọ̀rọ̀ akọ gan-an ò tiẹ̀ rọrùn létí omi. Tọkùnrin tobìnrin ló ń fi àjẹ̀ tukọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọkùnrin bá sáré lọ́ra nígbà P.E., ohun tí wọ́n á bi í ni pé, “Ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?” Ó lè jẹ́ ìyá ẹni tó ń bèèrè ló tukọ̀ gbé e wá sílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àìgbàgbọ́ yẹn kò dúró bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní 2014 ni Goodluck Jonathan, ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, fọwọ́ sí òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, àti ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Rédíò àti fóònù gbé àríyànjiyàn rẹ̀ káàkiri. Ohun tí wọ́n ń sọ pé kò sí ti wá di ohun tí wọ́n ń ṣọ́. Lóde òní, bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá dì mọ́ra lẹ́yìn góòlù, ẹnìkan lè yára sọ pé “nó hómò,” ìyẹn ni pé kì í ṣe irú ìfẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré. Àwọn bàbá wọn kò ní irú rẹ̀ lẹ́nu, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n.