Pásíbúùkù: Ìtàn Iye Owó Tí Kì í Ṣe Ti Gbogbo Ènìyàn

Ẹni tó bá ń ṣí sọ́ọ̀bù sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, tó fẹ́ tajà fún ẹni tó ń ra páálí àti ẹni tó ń ra ẹyọ kan, yóò bá oríṣi ohun èlò mẹ́ta pàdé lórí Shopify tàbí WooCommerce. Ọ̀kan ń fi iye owó pamọ́ títí ẹni tí ọlọ́jà ti mọ̀ yóò fi forúkọ wọlé. Èkejì ń dín owó kù bí ọjà tí ènìyàn rà bá ṣe ń pọ̀ sí i, gbogbo ojú ló sì ń rí i. Ẹ̀kẹta kò kọ owó kankan sílẹ̀: oníbàárà ni yóò sọ ohun tó fẹ́ àti bó ṣe pọ̀ tó, ọlọ́jà yóò wá dá a lóhùn pẹ̀lú iye tí yóò gbà. Àwọn tó ń polówó wọn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni ọgbọ́n náà dé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tí ọjà ilẹ̀ Yorùbá kò lò rí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì mọ ibi tí wọ́n já sí. Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn náà ni pé ẹ̀dínwó ẹni tó ń rà lọ́pọ̀ máa ń fìdí múlẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ owó iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń bá ọjà ṣe. Ìgbà tó bá di owó ojúlùmọ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kó wá sí Gbági, àdúgbò ìṣòwò ìlú náà. Àpò iyọ̀ kan tó bá jáde níbẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ kan ló ń gbà kó tó dé inú ọbẹ̀. Ẹni tó ra ogún àpò yóò ta àpò kọ̀ọ̀kan fún ẹlòmíràn. Ẹni yẹn yóò tú u, yóò wọ̀n ọ́n ní abọ́ abọ́. Aláròóbọ̀ tó ra abọ́ yóò gbé e lọ sí ọjà oko, níbi tí yóò ti tà á ní ife, tàbí kó pín in sí òkìtì wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sórí àtẹ. Iyọ̀ ń fa omi nígbà òjò. Ẹnì kan ní láti rù ú, kó ṣọ́ ọ, kó jókòó tì í láti àárọ̀ di alẹ́, kó sì tún tà á láwìn fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì dé. A máa ń sọ pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn náà sì fẹ́ràn ẹ̀sùn yìí. P. T. Bauer, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, tako ẹ̀sùn náà nínú ìwé rẹ̀ West African Trade tó jáde ní 1954. Ó ní àwọn ọwọ́ púpọ̀ yẹn kì í ṣe òfò: bí ó bá ṣe pé oníbàárà lè rí i rà ní ẹ̀dínwó lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, kí ni ìbá dá a dúró tí kò ní lọ bá a? Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin tí owó ife iyọ̀ kan péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè sọ pé wọ́n fi owó àpò du òun. Ohun tó ń rà yàtọ̀ sí àpò, nítorí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ti wà nínú ife náà.

Lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ìgbà náà, bíi John Holt, CFAO, SCOA àti UAC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, ẹni tó lówó lọ́wọ́ lè rajà, ṣùgbọ́n oníbàárà pàtàkì ni ẹni tó ní pásíbúùkù. Ìwé kékeré ni. Akọ̀wé ilé ìtajà ń kọ ọjọ́, ọjà tí ẹni náà kó àti owó tó san sínú rẹ̀. Ẹni náà sì ti fi owó ìdógò sílẹ̀ tàbí kó ní onídùúró kó tó gbà á. Obìnrin pọ̀ nínú àwọn tó ní in. Ohun méjì ni ìwé yìí jẹ́ pọ̀: ẹ̀rí ìwà ẹni nípa gbèsè, àti ilẹ̀kùn sí ọjà. Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ dájú, nítorí ẹni tó kó ọjà pọ́n-ùn púpọ̀ láwìn ló ru ewu títà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń kó aṣọ láti ìlú ńlá lọ tà láwìn ní abúlé, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí iwájú ilé onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Aṣọ àwìn wọ́n ju aṣọ owó ojú ẹsẹ̀ lọ, gbogbo ayé sì mọ ìdí rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló ya iṣẹ́ àti ilẹ̀kùn inú ìwé náà sọ́tọ̀. Ọjà òkèèrè dín kù gan-an, ìjọba sì fòté lé iye tí a lè tà á. Ẹni tó ní pásíbúùkù ń rà á ní iye ìjọba, ó ń tà á ní ìlọ́po lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìtajà náà gan-an, láìtú u, láìgbé e lọ síbì kankan. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá so ọjà tó ti ń kú sí wọn lọ́wọ́ mọ́ èyí tí àwọn ènìyàn ń wá: o kò lè ra ọ̀kan láìra èkejì. Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀wọ́ngógó ló fà á, pé kí a má di ẹ̀bi ru ìwé. Òótọ́ ni pé ọ̀wọ́ngógó ló dá èrè náà sílẹ̀, àmọ́ ìwé ló yan ẹni tí yóò kó o sápò. Ní àkókò kan náà, ní Èkó, ọ̀gá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen ń fi àṣẹ dá iye owó lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn, ó sì ń ṣí ọjà ìjọba láti tà wọ́n. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Iye tí ìjọba kọ kò ka owó ọkọ̀ àti òógùn ẹni tó lọ kó gàrí jọ láti ọjà oko kan sí òmíràn. Gàrí wábi gbà, ó di ọjà kọ̀rọ̀, títí àṣẹ náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1945. Ọmọ ìyá ni àṣìṣe méjèèjì: ti pásíbúùkù san owó níbi tí kò síṣẹ́, ti Èkó kò sanwó níbi tí iṣẹ́ wà.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà àbáyọ ni pé kí iye owó jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo ènìyàn, kí a kọ ọ́ sára ọjà, nítorí ọjà nínà àti ìbéèrè owó kò yàtọ̀ sí ìrẹ́jẹ. Wọ́n lè tọ́ka sí Kingsway Stores tó ṣí ilé tuntun ní Marina, l'Ékòó, ní 1948, tí owó wà lára gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n UAC ló ni Kingsway. Ilé-iṣẹ́ tó lẹ owó mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ní Marina ni ó ń kọ owó mìíràn sínú pásíbúùkù níbòmíràn. Owó Marina jẹ́ ti ẹni tó ń ra ẹyọ kan, tó sì ń gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ìyálọ́jà ilé wa tilẹ̀ gbọ́n ju èyí lọ. Iye owó kóńgò gàrí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó ra mẹ́wàá ni yóò rí i bí kóńgò ṣe ga gègèrè, tí ọwọ́ náà yóò sì tún bọ inú àwo fún èènì. Owó wà ní gbangba. Ọjà ló ń pọ̀ sí i.

Bí mo bá ní kí n yàn fún ẹni tó ń ta ańkárá tàbí ìpara lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dínwó tó hàn sí gbogbo ojú ni màá fi ṣáájú. Ìbéèrè owó yẹ fún iṣẹ́ tí a kò tíì mọ bó ṣe tóbi tó, bí aṣọ ẹbí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ọkọ̀ òfuurufú àti ọjọ́ ayẹyẹ wà nínú ìṣirò rẹ̀. Ilẹ̀kùn títì, ìyẹn iye owó tí a fi pamọ́ fún ẹni tí a mọ̀, ló le jù. Aláròóbọ̀ lè bínú, kò sì jẹ̀bi, bí oníbàárà rẹ̀ bá ń rí iye tí òun fi rà á. Kò sí aláròóbọ̀ tó ń mú oníbàárà lọ síbi tó ti ń rajà. Nítorí náà a lè ti ilẹ̀kùn, bí a bá ti kọ ohun tó ń ṣí i síta: iye tí ènìyàn gbọ́dọ̀ rà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rí pé ó ń tún un tà, ọjọ́ tí yóò máa san gbèsè. Ẹni tó ra ogún páálí lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí a kò sì rí mọ́, kò yẹ kó ṣì máa rí owó náà lónìí. Akọ̀wé Gbági ìgbà náà máa ń yẹ pásíbúùkù wò kó tó kó ọjà tuntun fún ẹnikẹ́ni, ohun èlò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò bá sì lè ṣe ìyẹn, màá fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.