Wíwá Àmì Àìsàn Bipolar Nínú Ẹ̀jẹ̀

Àtọ̀gbẹ ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ibà náà ní. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn àti ti ẹbí rẹ̀ ni dókítà fi ń dá bipolar mọ̀, àìsàn ọpọlọ tí orí ẹni á máa gbóná kọjá ààlà nígbà kan, tí ìrẹ̀wẹ̀sì á sì dá a wó nígbà mìíràn. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá àmì rẹ̀ nínú ara. Lójú tèmi, ohun tó ń dá wọn padà ni pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹ̀jẹ̀ gbòòrò jù.

John Cade, dókítà ará Ọsirélíà, gbà pé májèlé kan nínú ara ló ń fa àìsàn náà, ló bá ń gún ìtọ̀ àwọn aláìsàn sára guinea pig. Kò rí májèlé tó ń wá, àmọ́ ọ̀nà yẹn ló gbé e dé ìdí lithium, oògùn orí gbígbóná tó kéde ní 1949. Ní 1981, Bernard Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò ìrẹ̀wẹ̀sì líle kan jáde: aláìsàn á lo mílígíráàmù 1 oògùn dexamethasone lálẹ́, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n á wò ó bóyá èròjà ara tí wọ́n ń pè ní cortisol ti lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò pẹ́ tó fi hàn pé kì í lọ sílẹ̀ lára ẹni tó ń rù, ẹni tí ọtí ti wọ̀ lẹ́wù àti arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń ra. Ó wá kan BDNF, èròjà tó ń gbé ẹ̀mí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ró. Ó ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí bipolar bá dìde, ṣùgbọ́n ó ń dín kù nínú ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìsàn ọpọlọ schizophrenia pẹ̀lú. Bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà tún ń yí i padà: inú àwọn platelet tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti ń dì ni wọ́n ń tú u síta. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n jẹ́ kí ó dì àti èyí tí wọn kò jẹ́ kí ó dì kò ní fún wa ní iye kan náà.

Ẹnìkan lè ní kí dókítà kàn fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu aláìsàn, pé ìyẹn ti tó. Kò tó. Ìgbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá mú èèyàn ló ń wá ìwòsàn. Nígbà tí orí bá ń gbóná, ara rẹ̀ le lójú ara rẹ̀ ni, kì í sì í rántí sọ ọ́. Wọ́n á ní ìrẹ̀wẹ̀sì lásán ni, wọ́n á fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, oògùn yìí sì lè ti ẹlòmíràn sínú orí gbígbóná gan-an. Ibí yìí ni ìbéèrè tóóró kan ti wúlò: nínú àwọn tí wọ́n ti pè ní oní-ìrẹ̀wẹ̀sì, ta ni bipolar ń ṣe?

Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn olùwádìí ní Cambridge béèrè nínú iṣẹ́ tó jáde ní 2023. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka tó gbẹ sórí páálí ni wọ́n yẹ̀ wò fún èèyàn 241. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fi hàn pé 67 nínú wọn ní bipolar. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ceramide ló sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ nìkan lè dá nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn tó ní bipolar mọ̀, ó sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n fi ìbéèrè orí ìwé kún un. Mo mọ̀ pé ìdá 30 kéré, pé oògùn tí aláìsàn ń lò sì lè da ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rú. Síbẹ̀, nínú àwọn tí ẹnu wọn kò tíì sọ ọ́ fún dókítà ni ìdá yẹn ti wá, ìyẹn ló fi ṣe iyebíye. Ó kù kí wọ́n dán an wò lára àwọn tí kò tíì fẹnu kan oògùn kankan, àti láwọn ilẹ̀ tí oúnjẹ wọn yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì.