Ẹnubodè Láàrin Ilé àti Òkun

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ti ń jiyàn bóyá ibi tí orílẹ̀-èdè kan tẹ̀dó sí ló ń sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ tàbí tálákà. Jeffrey Sachs gbà pé ojú ọjọ́, àìsàn ibà àti jíjìnnà sí òkun máa ń fa orílẹ̀-èdè sẹ́yìn. Daron Acemoglu, Simon Johnson àti James Robinson, tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2024, gbà pé bí ìjọba àti òfin ilẹ̀ bá ṣe rí ló jù. Ṣùgbọ́n fún orílẹ̀-èdè tí kò ní etíkun, èyí tí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn yí po, jíjìnnà sí òkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ kìlómítà nìkan: ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ tí ẹrù máa là kọjá ni, àti bí ẹrù náà ṣe wúwo tó.

Láti Niamey, olú-ìlú Niger, dé èbúté Kútọnu ní Benin tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ojú irin tó sì ti Kútọnu gbéra kò kọjá Parakou. Nítorí náà ni yùréníọ̀mù, ohun àmúṣagbára tí wọ́n ń wà ní Arlit nínú aṣálẹ̀, ṣe fi ọ̀pọ̀ ọdún gun tírélà dé Parakou kó tó wọ reluwé. Owó ìrìnnà kò lè pa ẹrù olówó ńlá bẹ́ẹ̀ lára. Àlùbọ́sà Galmi, ìlú kan ní Niger, ló ń pa lára, nítorí pé bí àpò rẹ̀ bá lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ooru ní ẹnubodè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa sẹ omi, kí alájàpá sì tó dé ọjà, èrè ti jẹrà.

Ní oṣù Keje ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey, àjọ ECOWAS ti ẹnubodè Niger pa. Àwọn tírélà tò lọ bẹẹrẹ ní Malanville ní ilẹ̀ Benin, létí Odò Ọya, bẹ́ẹ̀ afárá tó lọ sí Gaya ní Niger wà lójú wọn kedere. Ọkọ̀ onígi ni àwọn tó rọ́nà gbà fi ń kó ẹrù sọdá. Nígbà tí ECOWAS sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní oṣù Kejì ọdún 2024, Niger fúnra rẹ̀ ló kọ̀ tí kò ṣí ìhà tirẹ̀, ohun tí àwòrán ilẹ̀ nìkan kò lè ṣàlàyé láéláé. Kò pẹ́ sí i, ìjọba Benin náà ní epo rọ̀bì Niger, tó ń gba inú páìpù tó gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà láti Agadem dé Sèmè, kò ní wọ ọkọ̀ òkun àfi bí ẹnubodè bá ṣí. Ilẹ̀ kò sún, odò kò yà kúrò lójú ipa rẹ̀. Síbẹ̀ òkun jìnnà sí Niger nígbà náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Botswana náà kò ní etíkun, ó sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù láyé nígbà tó gba òmìnira ní ọdún 1966. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n rí dáyámọ́ǹdì ní Orapa, òkúta tó lè fi bàálù fò kọjá lórí gbogbo aládùúgbò. (Ìjọba tó ṣọ́ owó náà ná tún wà níbẹ̀; ìyẹn gbe Acemoglu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn.) Swítsálandì, tí òun náà kò ní etíkun, kò ní irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní ni odò Rhine, tó ń gba Basel ṣàn lọ sínú òkun, àti àdéhùn Mannheim ti ọdún 1868, tó kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni gba owó ibodè lọ́wọ́ ọkọ̀ nítorí pé ó gba orí odò náà kọjá. Ogun ńlá mẹ́ta ni Jámánì àti Faransé, tí odò náà ṣàn gba ààlà wọn, ti bá ara wọn jà láti ìgbà náà. Àdéhùn ọ̀hún ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.