Ọkọ̀ Apẹja Tó Ń Ṣọ́ Kànga Epo

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, a sábà máa ń sọ pé epo ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ apẹja. Ọ̀rọ̀ Hull, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò rí bẹ́ẹ̀. Iceland ló fa ààlà òkun rẹ̀ dé 200 máìlì. Nígbà tí ìjà náà parí ní 1976, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apẹja Hull kò ríbi lọ mọ́.

Epo ti ń jáde ní Òkun Àríwá nígbà yẹn. Wọ́n wá sọ àwọn ọkọ̀ apẹja kan di ọkọ̀ aṣọ́nà: bí aburú bá ṣẹlẹ̀ níbi ìwapo, kí wọ́n kó èèyàn.

Aburú náà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, 1988. Piper Alpha gbiná. 167 kú, 61 là. Silver Pit, ọkọ̀ apẹja àtijọ́, ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ kékeré sún mọ́ iná, wọ́n ń fa èèyàn jáde lómi. Síbẹ̀, ìwádìí Lord Cullen, tó jáde ní 1990, sọ pé ọkọ̀ náà kò yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lójú tèmi, ìgboyà ni wọ́n fi dí àlàfo owó tí ẹlòmíì kò ná. Ẹ bá mi rò ó wò.