Baffle báàsì: ṣé ká kàn án fúnra wa ni, àbí ká lọ rà á ní Kútọ̀nú?

Ìbéèrè yìí kì í tán ní abúlé wa. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ obìnrin, àwọn ìjọ, àtàwọn tó ń yá èèyàn ní sono fún ìgbéyàwó àti òkú àgbà, gbogbo wọn ló ń bi ara wọn. Wọ́n ti dá owó jọ nínú tontine, ó wá ku kí wọ́n ra baffle báàsì. Àwọn kan á ní ká lọ Kútọ̀nú lọ ra èyí tó ti parí. Àwọn mìíràn á ní gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa náà lè kàn án. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó eré, torí náà ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní kúkúrú, èrò tiwa nìyí: haut-parleur ni ẹ máa rà, torí kò sẹ́ni tó lè ṣe é nílé. Àpótí rẹ̀ ni ẹ lè kàn. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn án tí ẹ ò bá ní ìwé haut-parleur náà lọ́wọ́, tí ẹ ò sì ní gbẹ́nàgbẹ́nà tí pákó rẹ̀ máa ń gún régé.

Iṣẹ́ wo ni àpótí ń ṣe?

Bí awọ haut-parleur bá sún síwájú, ó ń ti afẹ́fẹ́ níwájú, ó sì ń fa ti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kò bá sí àpótí, afẹ́fẹ́ iwájú àti ti ẹ̀yìn á pàdé, wọ́n á pa ara wọn. Báàsì ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, torí ìgbì rẹ̀ gùn: ìgbì ohùn 50 Hz fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 7, kíá ló máa yí ẹ̀gbẹ́ haut-parleur po. Ìdí nìyẹn tí haut-parleur ńlá tó wà lásán lórí tábìlì fi ń dún bí rédíò kékeré. Àpótí ló ń ya iwájú àti ẹ̀yìn sọ́tọ̀.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àpótí tó dí pátápátá. Èkejì ni bass-reflex, tó ní ihò tàbí tuyau. Albert Thuras, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1932. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò, ẹ ó gbọ́ ohùn kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ìgò yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tuyau ń ṣe: ó ń ran haut-parleur lọ́wọ́ ní ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣì, ariwo lásán ló máa mú wá.

Ìwé haut-parleur ṣe pàtàkì

Neville Thiele, ará Ọsirélíà, ní 1961, àti Richard Small lẹ́yìn rẹ̀, ló fi ìṣirò hàn pé haut-parleur kọ̀ọ̀kan ní àpótí tó bá a mu. Nínú ìwé rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́ta: Fs, Qts àti Vas. Ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà lè fi àwọn nọ́ńbà yẹn ṣírò iye lítà tí àpótí gbọ́dọ̀ gbà àti gígùn tuyau. Tí ẹ bá kàn wo àpótí ẹlòmíì, tí ẹ wọ̀n ọ́n, tí ẹ fi haut-parleur mìíràn sí i, ẹ̀yin àti oríire yín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Àpótí tí inú rẹ̀ jẹ́ 60 cm lóòró, 50 cm ní ìbú, 45 cm ní jíjìn, lítà 135 ni. Tuyau PVC 110 méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bíi 11 cm, á gbé e sí àyíká 45 Hz. Tí ẹ bá gé e kúrú, á gòkè. Tí ẹ bá fi kún gígùn rẹ̀, á sọ̀kalẹ̀. Ẹ rántí pé haut-parleur fúnra rẹ̀, tuyau àti igi inú náà ń gba àyè, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àpẹẹrẹ lásán nìyí o, kì í ṣe ìwọ̀n fún gbogbo haut-parleur.

Pákó wo ló dára?

Contreplaqué 18 mm ni ká lò. Aggloméré máa ń wú tí omi tàbí ọ̀rinrin bá kàn án, ọ̀rinrin ò sì wọ́n ní Kútọ̀nú àti agbègbè rẹ̀. Pákó gidi, bíi teck, dára fún àga, ṣùgbọ́n ó máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Ojú ìpàdé á là, afẹ́fẹ́ á máa jó jáde. Contreplaqué kan, 2,44 m sí 1,22 m, fẹ̀ tó mítà onígun 3 díẹ̀ dín. Àpótí tí a ṣírò lókè yẹn ń jẹ tó 1,8. Ìyẹn ni pé pákó kan ò tó àpótí méjì. Ẹ ra méjì, kí ẹ fi ìyókù ṣe igi ìdábùú inú. Ìdábùú yìí ni kì í jẹ́ kí ògiri àpótí máa gbọ̀n.

Ẹ fi colle àti vis dè é, ẹ má fi ìṣó nìkan. Ẹ di gbogbo ojú ìpàdé láti inú. Ẹ fi àwọ̀n irin sí ẹnu tuyau, torí èkúté mọ ilé tó dára.

Èrè wo ló wà nínú kíkàn?

Àpótí tóbi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e láti Kútọ̀nú lọ sí Kétou, Pobè tàbí Savè, owó ọkọ̀ afẹ́fẹ́ lẹ ń san. Haut-parleur nìkan wọ inú àpò. Tí nǹkan bá sì bàjẹ́, ẹni tó kàn án wà nítòsí. Kò sì sí ìtìjú níbẹ̀: sound system Jàmáíkà, tí gbogbo ayé mọ̀ fún báàsì, ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní Kingston, ní àwọn ọdún 1940, Hedley Jones ló ṣe ampli fún Tom the Great Sebastian.

Ìgbà wo ló sàn kí ẹ rà á?

Tí òde bá ti sún mọ́lé, tí kò sí ìwé haut-parleur, tàbí tó jẹ́ baffle tó ní ampli nínú lẹ fẹ́, ẹ ra èyí tó ti parí. Bó bá jẹ́ Dantokpa lẹ lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù tó ti Yúróòpù dé, ẹ má sanwó kí ẹ tó ṣe nǹkan wọ̀nyí:

- Ẹ rọra fi ìka mẹ́rin ti awọ rẹ̀. Tó bá ń ha, bobine rẹ̀ ti jóná tàbí ó ti wọ́.
- Ẹ wo etí awọ náà yíká bóyá ó ti ya.
- Ẹ fi multimètre wọ̀n ọ́n. Haut-parleur 8 ohm sábà máa ń fi 5 sí 7 hàn. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn, bobine ti já.
- Ẹ má gba nọ́ńbà watt ńlá tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́. RMS ni kí ẹ béèrè.
- Ẹ gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ so ó

Haut-parleur 8 ohm méjì tí ẹ so pọ̀ ní parallèle di 4 ohm. Ẹ wò ó bóyá ampli yín lè gbé e. Ẹ fi òkúta báńtìrì 1,5 V kan wáyà rẹ̀, pósítífù sí pósítífù: awọ gbọ́dọ̀ sún síwájú. Tí ọ̀kan bá sún síwájú, tí èkejì sún sẹ́yìn, baffle méjì á pa báàsì ara wọn, ẹ ó sì rò pé ọjà burúkú lẹ rà.

Ẹ má gbàgbé aládùúgbò. Ní Benin, décret wà tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ ariwo, báàsì sì ń gba inú ògiri kọjá ju ohùn yòókù lọ.

Kí ẹgbẹ́ tó fọwọ́ kan owó, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ìwé haut-parleur wà? Ta ló máa gé pákó? Ọjọ́ wo la máa lò ó? Tí ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ bá wà, tí àkókò sì wà, ẹ kàn án. Tí ọ̀kan bá sọnù nínú wọn, ẹ rà á.